Tí Ìbàdí Bá Ń Dun Aboyún: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ìyá Sọ ní Kubwa

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà nínú ipò ìbùkún, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin abara méjì, ẹ ó sọ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ rọra ṣe àmín yín o, gbọ̀ngàn yìí ò tóbi, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìparí.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń wo bí ẹ ṣe ń wọlé. Mo rí aboyún kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó sinmi, ó yánu díẹ̀, ó tó wọ́ tòsì tẹ̀lé e. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò ó, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Oyún ni. Tó bá ti bí i, á lọ." Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, "oyún ni," òun ni mo wá bá jà lónìí.

Nítorí òun ni wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́ nígbà tèmi. Onífísíò ni mí, iṣẹ́ eegun àti iṣan ni mo kọ́, òun ni mo sì fi ń jẹun ní Àbújá yìí. Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì, òkè pátápátá ilé alájà mẹ́ta kan ní Gwarinpa là ń gbé. Oyún náà wọ oṣù karùn-ún báyìí, mi ò lè wọ ṣòkòtò mi lórí ìdúró mọ́. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ la eegun iwájú mi sí méjì. Lóru, kí n tó yí láti ọ̀tún sí òsì, mo máa kọ́kọ́ gbàdúrà. Mo sọ ọ́ nílé ìwòsàn tí mo ti ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó ń wò mí ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú fáìlì, ó ní, "Màdáàmù, oyún ni." Mo gba ilé lọ. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń rìn, òun náà ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn! Ó tó oṣù kan kí n tó rántí pé mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Èmi náà ti gbà fún wọn pé oyún ni.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún? Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bá ọmọ aláìgbọràn wí. Eegun tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn yí ká láti ẹ̀yìn wá síwájú bí òṣùká. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọnmi rí mọ òṣùká. Ọmọ inú yín ni kèrègbè tó jókòó lé e. Ṣùgbọ́n òṣùká yìí kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n ká, oríkèé mẹ́ta ló so ó pọ̀. Méjì wà lẹ́yìn, ní ọ̀gangan ibi tí kòtò kékeré méjì máa ń wà lókè ìdí. Ọ̀kan wà níwájú, nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí eegun ọ̀tún àti tòsì ti pàdé. Láàárín àwọn eegun méjì iwájú yẹn, ohun kan wà tó yi ṣùgbọ́n tó ń tẹ̀, tó fara jọ èyí tó wà nínú etí wa. Lára obìnrin tí kò lóyún, àlàfo ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 4 sí 5. Tí oyún bá dé, ó sábà máa ń fi mílímítà 2 tàbí 3 fẹ̀ sí i, kí ọ̀nà lè là fún ọmọ. Ọlọ́run ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni.

Ní 1926, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frederick Hisaw gba omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó lóyún, ó fún guinea pig, ẹranko kékeré kan tó fara jọ òkété, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó sì rí i pé okùn tó so iwájú ìbàdí ẹranko náà dẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n wá sọ ní relaxin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń di gbogbo ẹ̀bi lé relaxin lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò, kò sì dájú pé ẹni tí relaxin rẹ̀ pọ̀ jù ni ìrora rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni pé okùn gbogbo aboyún ló ń dẹ̀. Tí okùn ẹrù bá dẹ̀, tí ọ̀nà sì tẹ́jú, ẹrù á délé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gbun sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹrù ń wó. Bí apá kan ìbàdí bá ń ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, tí iṣan ikùn, ti ìdí àti ti abẹ́ ò sì mú un ṣinṣin, oríkèé mẹ́ta yẹn á máa lọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ti ṣubú rí, tí mọ́tò ti gbá rí, tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, tó bá ìrora yìí pàdé nínú oyún tó kọjá, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ agbára, ó sábà máa ń rí i ju ẹlòmíì lọ.

Nǹkan bí 1 nínú aboyún 5 ló ń ní i, ẹ̀yìn ríro lásán ò sí nínú ìṣirò yẹn o, ìyẹn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ìrora bá wà níwájú lábẹ́ ikùn, tàbí lókè ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó bá ń gba inú itan sọ̀kalẹ̀; tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, tí ẹ bá ń sọ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹ bá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí ẹ bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ni ó ń pọ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbọ́ "kẹ́rẹ́" níwájú, bí igi tó ń ya. Ẹ má bẹ̀rù ìró yẹn. Ìrora yìí kì í pa ọmọ inú lára.

Àwa Yorùbá sì ní orúkọ kan fún gbogbo ìdí tó bá ń dùn: jẹ̀díjẹ̀dí. Bàbá jókòó pẹ́, jẹ̀dí ni. Ọmọ jẹ ṣúgà, jẹ̀dí ni. Aboyún ò lè dìde, jẹ̀dí náà ni. (Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.) Láti Berger títí dé Nyanya, kò sí ibùdókọ̀ tí ẹ ò ti ní rí ìyá alágbo kan tó ń sọ Yorùbá, tó to ìgò síwájú: agbo jẹ̀dí rèé, ọ̀pá ẹ̀yìn rèé. Mi ò bá ìyá alágbo jà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń gbọ́ èdè mi. Ṣùgbọ́n agbo jẹ̀dí máa ń múni ṣu, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé ọtí ni wọ́n rẹ egbò sí. Ọtí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi ara aboyún gbẹ. Oríkèé ìbàdí ò sì sí nínú ìfun, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣu ú jáde. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Hausa ń pè é ní ciwon kugu, ìrora ìbàdí. Orúkọ tiwọn sún mọ́ òótọ́ ju tiwa lọ.

Ẹ gbé bírò yín, ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí nìyí. Òfin kan ṣoṣo ni mo mú wá: kí orúnkún méjèèjì máa jọ lọ. Ohunkóhun tó bá ń mú itan kan lọ sí Kàdúná kí èkejì máa lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ yẹra fún un.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ìrọ̀rí kan wà láàárín orúnkún, kó gùn dé kókósẹ̀ tí ẹ bá lè rí i. Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ẹ̀gbẹ́ náà ló dára fún ọmọ kí ẹ máa fi sùn, ọ̀tún tàbí òsì. Tí ẹ bá fẹ́ yí, ẹ ká orúnkún méjèèjì, ẹ fi wọ́n fún ìrọ̀rí náà pọ̀, kí èjìká àti ìdí sì yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n ń yí gẹdú. Aṣọ tó ń yọ̀, irú aṣọ àwọ̀sùn dídán yẹn, á jẹ́ kó rọrùn. Áńkárá tuntun tó ṣì le á fà yín dúró. Tí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín sókè. Ẹ má fi ikùn fa ara yín dìde láé.

Ti mọ́tò. Púpọ̀ nínú yín ń lọ síṣẹ́ ní Wuse, ní Garki, ní Sẹkitéríàtì. Àwọn tí wọ́n ń ti Mararaba bọ̀ mọ ohun tí mo ń wí: wákàtí méjì lórí ìjókòó, bọ́ǹpù lórí bọ́ǹpù. Ẹ má kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọ mọ́tò. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ jókòó ná, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta, ẹ wá jọ yí wọn wọlé bí ọmọ ọba. Ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù sórí ìjókòó kí ìdí lè yọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ yọ ọ́ kúrò, kó má baà jẹ́ pé bí dírébà bá tẹ búrékì, ẹ̀yin náà á yọ̀ lọ. Bẹ́líìtì mọ́tò gbọ́dọ̀ kọjá sábẹ́ ikùn àti sí àárín ọmú, kò gbọdọ̀ gba orí ikùn. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀ẹ̀pù ga, ẹsẹ̀ kan lèèyàn fi ń gùn ún. Ẹ ní kí onítọ̀hún dúró pátápátá, ẹ fi ìdí ṣáájú. Tí ó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn ń bọ̀. Ọ̀kadà ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Yíya ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà ni ohun tó burú jù fún oríkèé iwájú, jíjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń lọ́ ẹ̀yìn, ewu ìṣubú ò tíì kúrò níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ tó yá ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí èkejì wá bá a lórí àtẹ̀gùn kan náà. Kó àwọn nǹkan tí ẹ máa lò lóòjọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Gwarinpa, mo ní agbọ̀n kan tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Gbogbo ohun tí mo bá gbàgbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí di ìrọ̀lẹ́.

Aṣọ wíwọ̀, ẹ jókòó. Pátá, ṣòkòtò, bàtà, gbogbo rẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹsẹ̀ kan sókè, èkejì nílẹ̀, ohun tó ń pa wá láàárọ̀ nìyẹn.

Omi. Ẹ̀rọ ò tíì ń yọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, la gbójú lé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kílò 25 ni, ìwọ̀n àpò ìrẹsì kékeré kan. Ẹ fi owó díẹ̀ lé e kí mai ruwa dà á sínú dúróòmù fún yín. Tí ẹ bá ní láti gbé omi, ẹ fi garawa kékeré méjì gbé e, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ó dọ́gba. Ìgbálẹ̀ kúkúrú, ẹ gbé e fún ọkọ. Ó gbọ́, mo rí i lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbẹ̀. Bàsíà aṣọ, ẹ gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Gúgún iyán? Ẹ jẹ ẹ̀bà, oṣù díẹ̀ ni.

Ọmọ kékeré tó ṣáájú oyún tún ńkọ́? Gbígbé e sí ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ó burú jù. Tí ọ̀nà míì ò bá sí, ẹ̀yìn sàn ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí pé àárín ni ẹrù wà. Èyí tó dára jù ni kí ọmọ náà gun àga fúnra rẹ̀, kí ẹ jókòó, kó wá bá yín níbẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ òjá. Ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá òjá lè rọ́pò bẹ́líìtì aboyún tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, nítorí owó. Ó lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, bí ẹ bá dì í síbi tó yẹ: ìsàlẹ̀ ikùn, kó yí egungun ìbàdí ká, kó má gun orí ikùn, kó má sì le dé bi pé ẹ ò lè mí. Ẹ tú u tí ẹ bá fẹ́ sùn. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan.

Ìkúnlẹ̀ wá kù. Ìyá ọkọ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Jabi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó ilé fẹ́ kí i. Orúnkún kan ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, gbogbo ìwúwo ara a sì wà lórí itan kan. Ibẹ̀ gan-an ni oríkèé iwájú ti ń ya. Mo ti rí ẹni tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ tí wọ́n ní láti gbé dìde, ìyá ọkọ sì sọ̀rọ̀ yẹn káàkiri ìdílé pé ọmọ náà ń ṣe ojú ayé. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ wà níbí, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà. Ìyàwó ò lè sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní kúnlẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ó di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ tètè wí pé, "Má kúnlẹ̀, ọmọ mi, o ti kí mi." Tí wọn ò bá wí, kí aboyún di àga mú, kó rọra tẹrí ba. Ẹ̀yin ìyá Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé ẹ̀sìn gba ẹni tí ara rẹ̀ ò yá láyè láti kírun lórí ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kan wà tó jẹ́ oògùn. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ di àga mú sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá dúró lórí orúnkún méjèèjì àti ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ nu ilẹ̀. Ikùn á rọ̀ síwájú, ẹrù á kúrò lórí ìbàdí. Ẹ rọra ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó jí, ẹ mí síta, kí ẹ dá a padà títẹ́, kó má ṣe wọlẹ̀ bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó. Ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Èkejì, ẹ fún iṣan abẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń dá ìtọ̀ àti ìsó dúró pa pọ̀ nínú ìpàdé àwọn àgbà. Ẹ kà dé 10 bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ tú u, ẹ tún fún un, títí á fi di ìgbà 10. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Mo ti ń ṣe é látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì padà kí ìrora tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú aboyún tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pé eré ìdárayá déédéé ń dènà ìrora ẹ̀yìn àti ìbàdí aboyún, wọ́n sì dárúkọ físíò àti bẹ́líìtì mọ́ ohun tí a lè fi tọ́jú rẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá dé kílíníkì, ẹ béèrè tààrà fún ìwé tí wọ́n á fi rán yín sọ́dọ̀ onífísíò. Ẹ̀ka físíò wà ní National Hospital, ó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Gwagwalada. Tí ẹ ò bá béèrè, wọn ò ní rán yín.

Oògùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Parasẹ́támọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń fún aboyún. Ẹ bi wọ́n ní kílíníkì iye tí ẹ lè lò. Ibuprofen àti diclofenac, ẹ má fọwọ́ ara yín rà á. Láti 2020 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ 20 oyún lọ, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe kíndìnrín ọmọ inú ní jàǹbá, kí omi tó yí ọmọ ká sì dín kù. Alabukun tí àwa àti àwọn ìyá wa ń lò fún gbogbo nǹkan, aspirin wà nínú rẹ̀. Ti dókítà tó bá kọ aspirin kékeré fún ẹnìkan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú abọ́, tí wọ́n á di hóró mẹ́rin aláwọ̀ mẹ́rin sínú láílọ́ọ̀nù fún "ciwon jiki," ìyẹn ara ríro, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lórí ẹ̀yìn dára. Òrí dára, ẹ jẹ́ kí ọkọ fi ra ìdí ẹ̀yìn yín, ìpínlẹ̀ Niger tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí kún fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ikùn yín o, kí teguntegun kankan má sì fa ẹsẹ̀ yín.

Kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ̀yin tó ń jáde lọ bu omi dúró ná. Kì í ṣe gbogbo ìbàdí dídùn ni ọ̀rọ̀ oríkèé. Tí ìrora bá ń wá, tó ń lọ, tó tún ń wá ní àsìkò tó dọ́gba, tí oyún ò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 37. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde lójú ara. Tí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí ibà sì wà níbẹ̀. Tí ọmọ ò bá mira bó ṣe ń mira. Tí orí fífọ́ líle bá dé tí ojú ń ṣe bàìbàì. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ní apá ẹ̀yìn. Tí abẹ́ bá kú, tí ẹ ò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ mọ́, tàbí tí kò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, lóru bó bá jẹ́ òru. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "oyún ni." Orí eegun itan lè máa kú díẹ̀díẹ̀ lára oní-SS, inú oyún sì ni àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ ń mọ̀. Ẹ sọ ẹ̀jẹ̀ yín fún wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá débẹ̀.

Ọjọ́ ìrọbí. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ọjọ́ tó pé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà nínú káàdì yín. Ẹ jókòó, ẹ ya orúnkún díẹ̀díẹ̀ títí ibi tí kò tíì dùn, kí ẹnìkan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yẹn ni wọn ò gbọdọ̀ kọjá tí wọ́n bá ń ya ẹsẹ̀ yín, pàápàá tí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, nítorí ẹ ò ní mọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ya á jù. Ìrora ìbàdí nìkan kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún. Fífi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ dára, ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì dára. Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ ti tán, wọ́n á ní, "Nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ." Kò sí ẹni tó ní "nítorí ìdùbúlẹ̀ abiyamọ lórí bẹ́ẹ̀dì." Àwọn ìyá ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Tí kò bá lọ, ẹ padà wá. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé dé orí oyún tó ń bọ̀. Ẹ óò rí àwọn aládùúgbò tí wọ́n á fi ìfẹ́ sọ fún yín pé kí ẹ fi omi híhó wẹ ìdí, kí ẹ mu kunu oníkáún fún ogójì ọjọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó. Omi híhó ti bó ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ lára ní ìhà àríwá yìí. Ní Sáríà, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa àìsàn ọkàn tó ń mú àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì fura sí iyọ̀ káún àti ooru tí wọ́n ń fi dáná sára wọn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gba abọ́ náà, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìyá kan béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tọkọtaya ti parí nìyẹn títí oyún á fi sọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọkọ ń wo òrùlé. Mo dáhùn pé kò parí. Kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí itan má ya gbàgàdà, kí bàbá ọmọ má gbé ìwúwo lé yín. Tó bá ń dùn, ẹ dúró, ẹ sọ ọ́. Ìyókù, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ yanjú ẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo bá aboyún tó di férémù ilẹ̀kùn mú láàárọ̀ níta. Ọkọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò wá. Mo ní kí ẹnìkan wá láílọ́ọ̀nù, wọ́n tú búrẹ́dì kúrò nínú láílọ́ọ̀nù rẹ̀ fún mi. Mo tẹ́ ẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó jókòó, ó fún orúnkún pọ̀, ó yí wọlé. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan, ó wá wò mí.

"Àǹtí, ìyẹn nìkan?"

Mo ní ìyẹn nìkan ni fún mọ́tò. Ti bẹ́ẹ̀dì di alẹ́.